Oúnjẹ Títà ní Ilẹ̀ Yorùbá: Láti Ìdí Ààrò Dé Ilé Onígíláàsì

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ń kọ̀wé nípa òwò ní orílẹ̀-èdè wa láti máa sọ pé ọdún 1986 ni oúnjẹ àjẹyára dé sí Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ UAC ṣí ilé oúnjẹ tí wọ́n pè ní Mr Bigg's sí Marina ní Èkó, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti ọ̀dà ìyeyè kùn ún, tí iná sì ń tàn yanran nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń hù bí olú káàkiri àwọn ìlú wa. Bí ènìyàn bá gba ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n ti sọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé kí ọdún náà tó dé, olúkúlùkù ń dáná ní ilé ara rẹ̀ ni, tí kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń se oúnjẹ sílẹ̀ de ẹni tí ebi ń pa, kí a bù ú fún un lójú ẹsẹ̀, kí ó sanwó, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀, kí a mọ èyí tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ogún àwọn ìyá wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, orí ni a sì fi ń ru ẹrù. Nítorí ogun àti nítorí àwọn ajínigbé, àwọn alájàpá àti àwọn aláàárù a máa kó ara wọn jọ kí wọ́n tó gbéra, wọn a sì pọ̀ lọ́nà bí ẹni ń lọ sí ibi ọdún. Ẹni tí ó ru epo tàbí iyọ̀ láti ìlú kan dé èkejì kò lè tún ru ìkòkò, igi ìdáná àti iṣu mọ́ ọn. Ohun tí ó gbé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ró ni àwọn obìnrin tí ń jókòó sí ẹnu ibodè, sí abẹ́ igi ńlá ní oríta, àti sí etí odò níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ wà nínú ewé, tí àkàrà ń hó nínú agbada, tí iṣu sísun àti dùndú wà lórí àtẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú iye owó ẹyọ tirẹ̀. Aláàárù a sọ ẹrù kalẹ̀, a jẹ, a mu omi, a sì tún gbé ẹrù rẹ̀ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Bí èyí kì í bá ṣe oúnjẹ àjẹyára, èmi kò mọ ohun tí à bá máa pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n gba ilẹ̀ wa kọjá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ṣàì rí i. T. J. Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850, sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1857 nípa ọjà alẹ́ àwọn ìlú wa, àti fìtílà kéékèèké tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń tàn síwájú igbá rẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní òkèèrè yóò fi rò pé ìràwọ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ ọjà alẹ́ mọ̀ pé oúnjẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé tí ilẹ̀ ti ṣú, àlejò tí kò ní ará ilé, ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọmọ ogun tí kò tí ì gbé ìyàwó, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá ohun tí wọn yóò fi sẹ́nu kí wọ́n tó sùn.

Kì í sì ṣe àwọn àlejò àti àpọ́n nìkan ni. Oúnjẹ òwúrọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá, rírà ni a ń rà á, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ gùn: a ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó kan, a ó rò ó lórí iná, kí a tó wá pọ́n ọn sínú ewé. Kò sí ilé tí yóò máa ṣe gbogbo èyí lójoojúmọ́ nítorí ìwọ̀nba ẹnu tí ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan ní àdúgbò ni yóò mú un ní iṣẹ́, tí ogún ilé yóò sì máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti alákàrà, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹlẹ́wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹni tí ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ewé ni àwo, ewé náà ni ìdérí, ewé náà ni a fi ń gbé e lọ sílé. Bí a bá sì jẹun tán, ewúrẹ́ ilé ni yóò palẹ̀ àwo mọ́. Owó tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, láti inú èésú ni, tàbí kí ìyá rẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ kì í béèrè ìṣirò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó di ọ̀mọ̀wé lónìí ni ó jẹ́ pé owó ẹ̀kọ tàbí owó àkàrà ni a fi rán an dé ibi tí ó dé.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá. Ohun tí a ń rà jẹ níta ní ìgbà láéláé, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun tí a lè mú lọ́wọ́ jẹ: ẹ̀kọ, àkàrà, dùndú, mọ́sà. Òkèlè pẹ̀lú ọbẹ̀ jẹ́ ohun ti inú ilé. Baálé ilé tí wọ́n bá bá níbi tí ó ti ń ti ọwọ́ bọ iyán ní ojúde, kò ní pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi béèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Bí mo bá ní kí n sọ ìtàn oúnjẹ títà ní ilẹ̀ wa láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ní ọ̀rọ̀ kan péré, ìtàn bí òkèlè ti ṣe jáde kúrò nínú ilé ni n óò pè é.

Ní Èkó ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil bọ̀ àti àwọn Sàró ti mú onírúurú àṣà oúnjẹ wọ ìlú náà ṣáájú. Ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń pè ní frejon, ṣì jẹ́ oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere títí di òní ní àwọn agbo ilé wọn. Búrẹ́dì tilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, òwò náà sì gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Ẹ wo bí àwọn ènìyàn wa ti gba búrẹ́dì náà. Wọn kò fi í sí ipò iyán, ipò ẹ̀kọ ni wọ́n fi í sí. Ẹnì kan ń ṣe é, ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbé e kiri, àkàrà ni a sì fi ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó yá tí àwọn tí a ń pè ní Àgànyìn, láti ìhà Tógò àti Gánà, mú ẹ̀wà wọn dé pẹ̀lú ata díndín dúdú, búrẹ́dì tún bá ìyẹn náà lọ.

Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 ti dé Ìbàdàn nígbà tí ọdún 1900 fi parí. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Ibi gbogbo tí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ni àwọn olóúnjẹ ti ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pẹ̀lú àtẹ lórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò ọkọ̀ ni ó mú òkèlè jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ni: akọ̀wé kékeré, kafíńtà rélùwéè, ọmọ iṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ìlú rẹ̀, tí òun sì yá yàrá kan ṣoṣo ní Ebúté Mẹ́ta. Agogo ni ó ń darí rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwọ̀nba àkókò láti jẹun ọ̀sán, ilé sì jìnnà. Ẹ̀kọ kò sì lè gbé ẹni tí ń gbé irin dé ìrọ̀lẹ́. Bí ebi bá sì wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kò tún lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe pa àtíbàbà sí ẹ̀bá ilé iṣẹ́, tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀, tí wọ́n sì ń ro ẹ̀bà àti àmàlà. Àtíbàbà yìí ni a wá ń pè ní búkà. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti rí orúkọ náà. Ahéré koríko ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí i pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé tí a kọ́ nítorí oúnjẹ títà, tí ó ní ìjókòó, tí ó ní àwo, tí ẹni tí ó wọlé ń tọ́ka sí ohun tí ó fẹ́ nínú ìkòkò, búkà ti ṣe gbogbo rẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Mr Bigg's.

Lára àwọn ilé ìtajà ńlá ti àwọn òyìnbó ni ẹ̀ka kejì ìtàn wa ti yọ. Kingsway, tí ó jẹ́ ti UAC, wà ní Marina ní Èkó àti ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. UTC àti Leventis náà kò gbẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, yàrá kọfí wà nínú Kingsway, níbi tí àwọn tí wọ́n ti rajà tán ti lè jókòó jẹ àkàrà òyìnbó. Ní 1973, ọdún kan náà tí a fi náírà pààrọ̀ pọ́n-ùn, wọ́n sọ ibẹ̀ di Kingsway Rendezvous. Kò sí ohun púpọ̀ tí mo ní láti sọ nípa rẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọmọ wọn ni. Ìyá aláṣọ ní Gbági lè ní owó tí ó fi ra gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì wọn, ṣùgbọ́n kò ní wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ títà ti kan àwa gan-an, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpìtàn òwò kì í sì í mẹ́nu bà á. Láti ìgbà tí a ti dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, àwọn aláṣẹ ni ó ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gbọ̀ngàn ìjẹun wà, alásè wà, ẹran wà nínú àwo. Ní 1978 ni ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ àti ti ibùgbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀. Ìbọn ró, Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, sì wà lára àwọn tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí oúnjẹ lè dá sílẹ̀, kí ó rántí oṣù kẹrin ọdún náà. Ní 1984 ni ìjọba ológun mìíràn fòpin sí ìbọ́ni náà pátápátá. Gbọ̀ngàn ìjẹun dá páropáro. Láàrin oṣù díẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò, pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn gbọ̀ngàn náà, pa àtíbàbà wọn sí ẹ̀yìn ilé gbígbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fẹ́ràn àwàdà, so búkà pọ̀ mọ́ kafitéríà, wọ́n sì pè é ní bùkátéríà. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà ni àwọn aláṣẹ yunifásítì wá kọ sára pátákó lẹ́yìn náà.

Ìyá kan wà lẹ́yìn ilé gbígbé wa nígbà náà. Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Èédú ni ó fi ń fa ilà gbèsè wa sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pákó, ó sì ní àmì fún olúkúlùkù: ilà pẹ̀lú agbada fún ẹni tí ó ga, ilà pẹ̀lú òbíríkítí fún ẹni tí ó wọ awò ojú. Bí a bá wọlé, àwa ni à ń kí i, “Ìyá, ẹ kú ìjókòó.” Òun a ní, “Ọmọ mi, ṣé owó rẹ ti dé láti ilé?” Bí a bá ní kò tí ì dé, a ó ṣì jẹun. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sá lọ láìsan tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí mi lórí èyí lè ní ojúsàájú nínú, nítorí pé èmi náà jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ó kù kí a sọ ohun tí ọdún 1986 mú wá ní tòótọ́. Kì í ṣe ìgbà ọrọ̀ ni ọdún náà. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní oṣù kìíní ọdún 1987 ìjọba ka èèwọ̀ lé àlìkámà tí a ń kó wá láti òkè òkun, èèwọ̀ náà kò sì kúrò títí di 1992. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé tí yóò máa ta míìtì-páì ni wọ́n gba fùláwà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí! Síbẹ̀ òwò náà dúró. Mo rò pé ìdí méjì ni ó fi dúró. Èkíní ni pé Kingsway fúnra rẹ̀ ń ti ilé ìtajà rẹ̀ pa nígbà tí ó yá, nítorí pé àwọn tí ń ra àga àti aṣọ òkè òkun kò lówó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ra àga ṣì lè ra páì kan fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí inú ilé dùn. Èkejì ni pé àwọn ìyá tí wọ́n ti ń jókòó tì àwọn ọmọ nílé ti di òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba. Akọ̀wé tí kò lè lọ sílé jẹun ọ̀sán kò jẹ́ ọkùnrin nìkan mọ́, obìnrin sì ń fẹ́ ibi tí ó mọ́, tí ilé ìyàgbẹ́ wà, tí ẹnikẹ́ni kò ní máa wò ó bí ó ti ń jẹun. Búkà kò tí ì ronú nípa ilé ìyàgbẹ́.

A gbọ́ pé ìnagijẹ Ernest Ṣónẹ́kàn, alága UAC nígbà náà, ni wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ ní 1993 fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n orúkọ kò tó ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Ohun tuntun àkọ́kọ́ ni iye owó tí a kọ sára ògiri. Ní ìdí ààrò, oníbàárà àti olóúnjẹ a máa ná an. Oníbàárà a sì béèrè èènì. Ní ilé onígíláàsì, iye tí a kọ ni iye tí a ó gbà, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ọba tàbí lọ́wọ́ aláàárù. Ohun kejì ni pé páì tí a jẹ ní Èkó àti èyí tí a jẹ ní Ìlọrin kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ohun kẹta, tí ó sì jẹ́ tuntun pátápátá, ni títa orúkọ: Mr Bigg's ni ó kọ́kọ́ gba olówó kan láyè ní Nàìjíríà kí ó kọ́ ilé, kí ó sanwó fún lílò orúkọ àti àṣírí ìsebẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀lé òfin ẹni tí ó ni orúkọ. Olúkúlùkù ìyá olóúnjẹ ni ó ni ọwọ́ ọbẹ̀ tirẹ̀, bí ó bá sì kú, ọmọ rẹ̀ lè má rí i mú. Níbí yìí, ọwọ́ ọbẹ̀ ti di ohun tí a ń kọ sínú ìwé tí a sì ń tà. Ẹ wò ó bí ó ti wù yín. Èmi ka èyí sí ìyípadà tí ó tóbi ju àwọ̀ pupa àti ìyeyè lọ.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e pọ̀, n kò ní kà wọ́n tán. Tantalizers bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ní Festac, ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ti ọdún 1977. Tọkọtaya kan, Fọlú àti Bọ́sẹ̀ Ayẹni, ni ó dá a sílẹ̀. Chicken Republic dé ní 2004. KFC ti Amẹ́ríkà ṣí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejìlá 2009, Domino's sì tẹ̀ lé e ní 2012. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé kò pẹ́ tí ilẹ̀ wa fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà lórí àtẹ KFC ní ilẹ̀ wa, kò sí lórí tiwọn ní Amẹ́ríkà. Mr Bigg's fúnra rẹ̀ ti ń ta mọ́ínmọ́ín tipẹ́. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ àìsí iná mànàmáná: ilé tí ó gbọ́dọ̀ tutù tí ó sì gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ń mu dísù bí ẹni ń mu omi, ìyá tí ó fi igi dáná kò sì ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2010, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé pupa àti ìyeyè tí ó kún ojú títì wa ni wọ́n ti tì pa.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni ó dùn mọ́ mi jù láti sọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé White Castle ti ń ta ẹran àárín búrẹ́dì láti 1921, tí àwọn ọmọ ìyá McDonald sì ti sọ ìdáná di bí iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ní 1948, irú ilé oúnjẹ kan tún yọ ní òpin ọ̀rúndún náà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Chipotle, tí Steve Ells ṣí ní ìlú Denver ní 1993. Nínú irú ilé yìí, ẹni tí ó wọlé yóò tò sórí ìlà, yóò rí oúnjẹ gbígbóná lẹ́yìn gíláàsì, yóò nawọ́ sí ìrẹsì, yóò nawọ́ sí ẹ̀wà, yóò nawọ́ sí ẹran tí ó wù ú, wọn yóò bù ú níṣojú rẹ̀, yóò sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ sídìí tábìlì. Wọ́n ní oúnjẹ náà dára ju ti àjẹyára àtijọ́ lọ, kò sì wọ́n tó ti ilé oúnjẹ tí agbáwo ń dúró tì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ka èyí sí ọgbọ́n tuntun, a kò sì lè bá wọn jà, nítorí pé wọn kò jẹun ní Mọ́kọ́lá rí. Àwa tí a ti ń sọ pé “Ìyá, ẹ fi ṣàkì méjì sí i, ẹ má fi fùkù sí i” láti kékeré kò ní ìdí láti yà ẹnu.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti dé òkè òkun padà wá, tàbí tí wọ́n rí i lójú ẹ̀rọ, wọn kò ṣe ju pé kí wọ́n fi gíláàsì yí búkà ká. Ilé àmàlà ní Bódìjà ní Ìbàdàn ní tábìlì, ó ní ìlà, ó ní ibi ìfọwọ́. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, tí àwọn ọlọ́lá kò kà sí nígbà tí ìrẹsì òkè òkun pọ̀, ti di ohun tí à ń fi ewé pọ́n sórí àwo funfun, tí ó sì wọ́n ju ìrẹsì òyìnbó lọ. Òkèlè tí ó jáde kúrò nínú ilé nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti wọ ilé onígíláàsì níkẹyìn, àwọn olóyè sì ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò béèrè ìyàwó wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni gíláàsì náà? Ìbéèrè tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ní ìdí ààrò, obìnrin tí ó ń se ni ó ni owó. Nínú àwọn ilé tuntun, obìnrin kan náà, tàbí ọmọ rẹ̀, lè wà ní ìdí iná, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn èrò ń tìtorí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n owó oṣù ni ó ń gbà. Ẹni tí ó ni owó láti yá ilé ní ojú títì, láti ra ẹ̀rọ amúnáwá àti dísù, òun ni ó ni òwò. Èésú kò lè ra ẹ̀rọ amúnáwá ńlá. Nígbà tí ìjọba ìlú bá sì fẹ́ tún ojú títì ṣe, àtíbàbà ni wọ́n ń wó, wọn kì í wó ilé onígíláàsì. Bí a bá wá ń kọ ọ́ nínú ìwé pé ọdún 1986 ni oúnjẹ títà bẹ̀rẹ̀, a ti gba òwò lọ́wọ́ obìnrin wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan, a tún ń gba ìtàn lọ́wọ́ wọn.

Ti èdè kù. Ẹ wo pátákó àwọn ilé wọ̀nyí, láti orí títí dé ìsàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń pe olóúnjẹ, Mama Put, Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ni; Wọlé Ṣóyínká tilẹ̀ fi í sọ olóúnjẹ kan lórúkọ nínú eré rẹ̀ tí ó jáde ní 1995. Ọmọbìnrin tí ó dé fìlà pupa yóò kí ìyá àgbà ní èdè tí ìyá kò gbọ́, ìyá yóò sì dúró kí ó kúnlẹ̀, kò ní kúnlẹ̀, nítorí pé wọn kò kọ ìkúnlẹ̀ sínú ìwé òfin ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ inú ibi tí wọ́n ti ń bu àmàlà, Yorùbá tún padà dé. Àbùlà ni wọ́n ń pe gbẹ̀gìrì tí a dà pọ̀ mọ́ ewédú. Ògúnfe ni ẹran ewúrẹ́. Ìfun màlúù tí ó yí po ni wọ́n ń pè ní ráńdabáọ̀tù, nítorí oríta olóbìírí tí ọkọ̀ ń yí po, n kò sì mọ akéwì tí ìbá rí orúkọ tí ó dára ju ìyẹn lọ fún un. Ilé kan wà ní Èkó tí ó pe ara rẹ̀ ní Yakoyo, tí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò kà sí “yà kí o yó”. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tí ì wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè wa bí ó ti yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè mú bébà àti ìkọ̀wé lọ sí ìdí ààrò kan lóòwúrọ̀ kùtù, kí ó béèrè orúkọ ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀: orúkọ ìwọ̀n, orúkọ ìkòkò, orúkọ ẹran láti ẹnu dé ìrù.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbákọ. Òun ni ó ṣẹ́kù nínú gbogbo ohun èlò àtijọ́. Nínú ilé àmàlà tí mo wọ̀ kẹ́yìn, ike ni àwo, ọ̀rá ni ohun tí a fi ń pọ́n oúnjẹ, ẹ̀rọ ni ó ń gba owó. Ṣùgbọ́n ìgbákọ ni ọmọ tí ó wà ní ìdí ìkòkò fi ń gé àmàlà, ọ̀kan ní iye báyìí, méjì ní iye báyìí, bí a ti kọ ọ́ sára ògiri. Ìyá kan tí ó wà níwájú mi lórí ìlà gba tirẹ̀, kò kúrò, ó ní, “Èènì mi dà?” Ọmọ náà bojú wo ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ owó, ó ti etí ìgbákọ bọ inú ìkòkò, ó sì fi díẹ̀ kún un.